Ìtọ́jú lójú ibi tó wà: kí ló dé tí wọn ò kàn gbé ohun àtijọ́ tó rì jáde nínú omi?

Nígbà kan, àwọn apẹja fa ọkọ̀ àtijọ́ kan jáde lẹ́bàá Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó dúdú bí èédú, kò sì síbi tó ti sán. Wọ́n gbé e sínú oòrùn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti ká kò, ó sì là láti ìdí dé orí.

Omi ló fà á. Bí igi bá pẹ́ lábẹ́ omi, inú rẹ̀ á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, omi á sì dí gbogbo àyè tó ṣófo. Omi yẹn ló ń gbé igi ró. Tí oòrùn bá wá fà á gbẹ, igi á wó sínú ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ ogun Vasa jáde ní Sweden lọ́dún 1961, ọdún 17 gbáko ni wọ́n fi ń fọ́n kẹ́míkà sí i lára kó má bàa là. Ta ló lówó ìyẹn nílé wa?

Èyí wà lára ìdí tí àdéhùn UNESCO (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà) ti ọdún 2001 lórí ohun àtijọ́ inú omi, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 2005, fi ní kí á kọ́kọ́ rò ó bóyá a lè fi nǹkan náà sílẹ̀ síbi tó wà. Ohun tó ti pé 100 ọdún lábẹ́ omi ni ọ̀rọ̀ kàn. Àmọ́ àdéhùn yẹn kò ní kí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ ọn o: ó fẹ́ káwọn èèyàn máa wò ó, bí wọn ò bá ti bà á jẹ́.

Ní Baiae lẹ́bàá Naples, ìlú àwọn ará Róòmù tó rì sínú òkun, ẹni tó ń mú àwọn òmùwẹ̀ kiri á fọwọ́ gbá yanrìn kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́. Wọ́n á wò ó tẹ́rùn, á sì tún da yanrìn bò ó. Ní Croatia, àgò irin ni wọ́n fi bo àwọn ìkòkò inú ọkọ̀ tó rì, káwọn olè má bàa kó wọn lọ.

Tiwa ò lè rí bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, ti ọwọ́ bọ Odò Ọya dé ìgúnpá, o ò ní rí ìka ara rẹ. Ọkọ̀ Dayspring rì nítòsí Jẹ́bà lọ́dún 1857, Àjàyí Crowther sì wà nínú ìrìn àjò yẹn. Irú rẹ̀, etí odò ló yẹ ká ti fi hàn: àwòrán, pátákó, àti apẹja tó mọ ìtàn sọ.

Ọkọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan? Wọ́n là á fi yan ẹja. Kò tiẹ̀ jó dáadáa.