Ìrọ̀rí Mélòó Ni Màmá Fi Ń Sùn?

Bí wọ́n bá gbé àgbàlagbà tó ń mí gúlegúle wá bá mi, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ọmọ tó bá wọn wá nìyẹn. Ọmọ á máa wò mí bí ẹni pé mo ń ṣàwàdà. Ìyá aláró kan láti Ìtokú ò tiẹ̀ jẹ́ kí ọmọ wọn dáhùn: "Mẹ́ta ni, dókítà. Bí mo bá sùn gbalaja, àfi bí ẹni tó ń rì sómi."

Ara ilé ti ń sọ pé ọjọ́ orí ni, pé òkè Abẹ́òkúta ò ṣeé gùn fún ẹni tó ti lé lẹ́ni ọdún 70. Àmọ́ òkè ò ga sí i. Màmá ti ń gùn ún láti kékeré. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pa tì, nítorí ara wọn le. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti mú ọkàn ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó fún ọdún gbọọrọ, á rẹ̀ ẹ́, omi á sì máa jò sínú ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́sàn-án, omi náà á sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀, bàtà ò ní wọ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ lóru, á padà sókè. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbá, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa èyí tó pọ̀ jù.

Oògùn kan wà tó ń jẹ́ kí wọ́n tọ omi náà dà nù. Àwọn ìyá ọlọ́jà kì í lò ó lọ́jọ́ ọjà, torí níbo ni wọn ó tọ̀ sí? Mi ò bá wọn jà. Mo ní kí wọ́n lò ó lọ́sàn-án bí wọ́n bá ti délé, kó má sáà jẹ́ alẹ́.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ti ọkàn. Ẹni tó ti fi igi yan gàrí tàbí bọ ìrẹsì ọ̀fàdà fún ọgbọ̀n ọdún lè ní ẹ̀dọ̀fóró bíi ti amusìgá, bẹ́ẹ̀ kò fẹnu kan sìgá rí. Òtútù àyà náà wà, èyí tó máa ń tan ara ilé jẹ: ara àgbà lè má gbóná, ó lè má wúkọ́, kìkì pé ó ń sọ ìsọkúsọ, kò sì jẹun. Oògùn ìrora orúnkún tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì lè dá omi dúró sára, ó sì lè mú kí inú máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní tó. Kódà, oògùn ojú kan tí wọ́n ń kán sójú nítorí gùlókómà lè ta ikọ́ fée jí. Nítorí náà, gbogbo oògùn ni kẹ́ ẹ kó wá, àti ti ojú.

Ẹ ka èémí wọn fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí wọ́n bá jókòó jẹ́jẹ́. 12 sí 20 ló yẹ. Bó bá ń sún mọ́ 30, bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó ń ro wọ́n, tàbí bí èémí onítọ̀ ṣúgà bá ṣàdédé gé, kódà bí àyà ò dùn wọ́n, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Nínú mọ́tò, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó gbagidi. Ẹ má tẹ́ wọn sórí ìjókòó ẹ̀yìn.