Káàdì tó ń jí Linux lórí mainframe

Ẹni tó bá ti mọ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, lórí láptọ́ọ̀pù kò ní ohun púpọ̀ láti kọ́ lórí mainframe, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń lò, bí ẹ̀rọ náà bá ti jí tán. Debian, Ubuntu, SUSE àti Red Hat, àwọn tó ń pín Linux káàkiri, ló ní ẹ̀dà tó bá a mu, s390x lorúkọ tí wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ náà, àwọn àṣẹ tí a mọ̀ náà la ó máa tẹ̀. Bó ṣe ń jí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Nínú z/VM, ìyẹn sọ́fítíwíà IBM tó ń pín ẹ̀rọ ńlá kan sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, a kì í wá ibi tí a ó ki USB bọ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pín jáde ní ẹ̀rọ tó ń ka káàdì ní nọ́ńbà 00C, èyí tó ń lu káàdì ní 00D, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní 00E. Káàdì tí à ń wí yìí ni páálí pélébé tí wọ́n ń lu ihò sí nígbà tí System/360, mainframe IBM, jáde ní 1964, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba lẹ́tà 80. Páálí ti lọ, ihò ti lọ, ìṣesí ẹ̀rọ náà ló kù.

Fáìlì mẹ́ta la máa ń fi 00D lù ránṣẹ́ sí 00C: kernel, tó jẹ́ ọkàn Linux, lẹ́yìn rẹ̀ parmfile tó ń sọ ohun tí kernel máa ṣe, lẹ́yìn rẹ̀ initrd, àpò fáìlì tí kernel kọ́kọ́ ń lò bó bá ń jí. Èyí tó gbẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ṣáájú. Báìtì 80 ni káàdì kọ̀ọ̀kan (báìtì kan ni àyè lẹ́tà kan), nítorí náà initrd tó bá tó mílíọ̀nù 20 báìtì ti di káàdì 250,000 nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. A ó wá tẹ IPL 00C, àṣẹ tó ní kí ẹ̀rọ jí láti inú aka-káàdì náà.

Ẹ̀rọ náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ Linux. Gbogbo ohun tó mọ̀ ò ju kó ka báìtì 24 lára káàdì àkọ́kọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́mọ́rì lọ. Báìtì 8 níbẹ̀ ń sọ ibi tí iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ bí kíkà bá parí. 16 yòókù jẹ́ àṣẹ méjì tó ń lọ ka àwọn káàdì tó tẹ̀ lé e. Bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá há mọ́ gbogbo ará ilé síta ni, tí wọ́n wá gbé ọmọ tó kéré jù gba ojú fèrèsé wọlé. Ọmọ yẹn ò lè gbé àpótí, kò lè gúnyán. Kó ṣáà ti mọ ibi tí wọ́n ń fà kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á bá ibẹ̀ wọlé, òun náà á lọ ṣí ọ̀nà iwájú, bàbá á wọlé, ẹrù á tẹ̀ lé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọbẹ̀ ti wà lórí iná, ẹnikẹ́ni ò rántí ọmọ ojú fèrèsé mọ́.

Kóòdù Linux wà ní gbangba, ẹ lè wo ọmọ náà fúnra yín. Káàdì àkọ́kọ́ gba báìtì 80, 24 péré ló wúlò níbẹ̀. Wọ́n kàn fi àlàfo dí 56 yòókù ni, ẹ̀rọ á sì dà á nù.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó máa rí káàdì yìí, tí wọ́n á ní ẹ̀rí nìyẹn pé mainframe ti gbó. Oṣù Kejìlá 1999 ni IBM gbé kóòdù tó mú Linux ṣiṣẹ́ lórí S/390, mainframe rẹ̀ ìgbà náà, jáde. Ẹnikẹ́ni ò tún ẹ̀rọ kọ́ nítorí rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ti là láti 1964 ni àlejò náà gbà wọlé. Ètò tó lè gba ohun tí àwọn tó ṣe é kò lálàá rẹ̀ rí, ẹ má pè é ní àlòkù.

Àléébù rẹ̀ wà níbòmíràn. EBCDIC ni ìlànà nọ́ńbà tí mainframe fi ń kọ lẹ́tà, ASCII ni tiwa. Bí a bá fi FTP, ọ̀nà tí a fi ń fi fáìlì ránṣẹ́, gbé kernel lọ bí ẹni gbé lẹ́tà lásán, dípò ká gbé e ní binary, ìyẹn láìtúmọ̀ ohunkóhun, sínú ìlà báìtì 80, z/VM á túmọ̀ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, á sì bà á jẹ́ pátápátá. Ohun tí a ó rí kò ju HCPGIR450W lọ: disabled wait, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ti dúró pátápátá. Kò ní sọ pé FTP ló fà á. Parmfile ni tiẹ̀ rí ojú àánú: kernel ń wò ó bóyá báìtì kankan níbẹ̀ ju 127 lọ. Bí ó bá rí i, EBCDIC ni, torí níbẹ̀ 129 ni "a" kékeré; á túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kò dìgbà tí a bá ra mainframe kí a tó gbìyànjú èyí. Hercules, tí Roger Bowler bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣe bíi mainframe lórí láptọ́ọ̀pù. Nínú fáìlì ètò rẹ̀, a ó kọ 000C 3505, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀rọ aka-káàdì tí IBM ń tà nígbà kan, a ó to fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ lé e, a ó fi autopad sí i kó lè bá wa dí káàdì tó bá gbẹ̀yìn. QEMU, irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ mìíràn, náà ń ṣiṣẹ́, ó tiẹ̀ rọrùn jù, àmọ́ kernel ló máa gbé sínú mẹ́mọ́rì tààrà, ẹ ò ní rí káàdì kankan.