Sata Andagi

Sata andagi jẹ́ àkàrà aládùn róbótó tí àwọn ará Okinawa, àwọn erékùṣù tó wà ní gúúsù Japan, máa ń dín nínú òróró. Èdè ìbílẹ̀ Okinawa ló sọ ọ́ lórúkọ: sata ni ṣúgà, anda ni òróró, agi sì ni ohun tí a dín.

Fúláwà, ẹyin àti ṣúgà ni wọ́n ń pò pọ̀. Nínú ìlànà àtijọ́, kò gba omi, ẹyin nìkan ló ń mú ìyẹ̀fun náà rọ̀. Ìdí nìyí tó fi lè wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìbàjẹ́. Ẹni tó ń dín in á bu ìyẹ̀fun pípò náà sọ́wọ́, á di ẹ̀ṣẹ́, á sì fún un jáde láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá sínú òróró. Iná kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, nítorí bí òróró bá ti gbóná kọjá bó ṣe yẹ, ara àkàrà á ti dúdú nígbà tí inú ṣì wà ní tútù. Nínú òróró tó gbóná níwọ̀nba, àkàrà á kọ́kọ́ rì, á léfòó, á wá máa yí ara rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Ara rẹ̀ á ti le kí inú tó wú tán, ni ibì kan á bá sán.

Sísán yìí gan-an ni ẹwà rẹ̀. Lójú àwọn ará Okinawa, òdòdó ló là yẹn, tàbí ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kà á sí àmì oríire, wọ́n sì máa ń gbé e kalẹ̀ níbi ìdána àti ìgbéyàwó. Ní Ṣáínà, àkàrà kan wà tó jọ ọ́ gan-an, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí "ẹnu là, ó rẹ́rìn-ín". Ìbátan yìí kò yani lẹ́nu, nítorí ìjọba Ryukyu, tó ṣàkóso erékùṣù náà títí di ọdún 1879, bá Ṣáínà ṣòwò fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Láti Fujian ní Ṣáínà náà ni àwọn tí Gima Shinjo, ìjòyè kan ní Ryukyu, rán níṣẹ́ ti kọ́ bí a ṣe ń sọ ìrèké di ṣúgà lọ́dún 1623. Ṣúgà dúdú erékùṣù náà ṣì ń wọ inú sata andagi dòní. Àwọn mìíràn ń fi ọ̀dùnkún aláwọ̀ àlùkò tàbí elégédé sí i.

Bí ará Okinawa bá ń sọ̀rọ̀ àkàrà yìí, ìyá àgbà kì í gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú òróró ni ọ̀pọ̀ wọn ń rántí jù: ara rẹ̀ ń dún kàrà-kàrà lẹ́nu, inú rẹ̀ rọ̀, tíì olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní sanpin-cha sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó ṣí kúrò nílé mú un dání. Lọ́dún 1900 ni àwọn ará Okinawa àkọ́kọ́ dé Hawaii láti ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké. Andagi lásán ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń tò láti rà á níbi ọdún Okinawa ní Honolulu. Àwọn tó lọ sí Brazil náà ń dín in. Ní Palau, tí Japan ṣàkóso títí di ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, irú rẹ̀ kan ṣì wà tí wọ́n ń pè ní tama.