DVR yín kò bàjẹ́, búráúsà ló kọ̀ ọ́

Àwọn tó ní kámẹ́rà CCTV ló sábà máa ń gbé ẹjọ́ yìí wá bá wa. DVR, ìyẹn àpótí tó ń ká fídíò kámẹ́rà sílẹ̀, tí wọ́n rà láti bí ọdún mẹ́wàá ṣì ń ká fídíò dáadáa, àmọ́ bí wọ́n bá fi búráúsà (ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì) bíi Chrome ṣí i, ojú dúdú ni wọ́n ń rí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi plugin sí i. Wọ́n á fi sí i, pàbó náà ni.

Plugin ni ètò kékeré tí a ń so mọ́ búráúsà kí ó lè ṣe ohun tí kò lè dá ṣe. Ó máa ń ní àṣẹ púpọ̀ jù lórí kọ̀ǹpútà, ìdí nìyẹn tí àwọn olè fi fẹ́ràn rẹ̀. Chrome ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní oṣù Kẹsàn-án 2015. Firefox ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2017, Flash, plugin tó ń gbé géèmù àti àwòrán tó ń rìn sórí ìkànnì, nìkan ló dá sí. Adobe tó ni Flash jáwọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí ọdún 2020 parí, ó sì dí i pa láti ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2021. Ìkànnì yòówù tó bá ní kí ẹ gba Flash tuntun lónìí, irọ́ ló ń pa. Fáírọ́ọ̀sì ló fẹ́ fún yín.

Ó dáa, DVR ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní áàpù fóònù tàbí firmware (ètò tó ń darí DVR láti inú) tuntun, torí ìyẹn ló rọrùn jù. Bí kò bá sí, ActiveX, irú plugin ti Microsoft, ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, Internet Explorer, búráúsà àtijọ́ Microsoft, nìkan ló sì gbọ́ èdè yẹn. Microsoft ti fẹ̀yìn Internet Explorer tì ní oṣù Kẹfà 2022, ṣùgbọ́n wọ́n fi Internet Explorer mode, ìyẹn ọ̀nà láti ṣí ìkànnì bíi ti Internet Explorer, sínú Edge tó jẹ́ búráúsà wọn tuntun, wọ́n sì ní àwọn ò ní yọ ọ́ kúrò kó tó di 2029, ó kéré tán. Orí Windows nìkan ni o. Ẹ lọ sí Settings nínú Edge, ẹ wọ Default browser, ẹ gba Internet Explorer mode láàyè, kí ẹ pa Edge kí ẹ tún un ṣí, lẹ́yìn náà kí ẹ fi àdírẹ́sì DVR sínú àkọsílẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni àdírẹ́sì náà ń lò níbẹ̀ kó tó parẹ́, ẹ tún un fi sí i ni, ẹ má pe oníṣẹ́ tí yóò gba owó lọ́wọ́ yín.

Ẹ pààrọ̀ password tó bá DVR náà wá láti ilé iṣẹ́, kí ẹ má sì ṣí i sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irú DVR àti kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ni Mirai, ètò burúkú kan tó dà bíi fáírọ́ọ̀sì, kó lẹ́rú lọ́dún 2016, tó fi wọ́n da àwọn ìkànnì ńláńlá ní Amẹ́ríkà rú.

Ẹ̀yin tí géèmù tàbí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yín wà lórí Flash, Ruffle, ètò tó ń ṣí fáìlì Flash láìlo Flash fúnra rẹ̀, ni kí ẹ wá. Ọ̀fẹ́ ni, Internet Archive, ilé ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá ń lò ó. Èyí tó ti pẹ́ gan-an ló ń ṣí dáadáa jù, àwọn tó dé gbẹ̀yìn lè máa ta kókó. Fún applet Java, ìyẹn àwọn ètò kékeré Java tó máa ń ṣiṣẹ́ nínú búráúsà, CheerpJ wà tó lè ṣí wọn.

Àwọn kan ń tọ́jú láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ tí Firefox ayé ọjọ́un tó ń gba plugin ṣì wà lórí rẹ̀. N kò ní kí ẹ jù ú nù, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má sì fi wo àkáǹtì báńkì láéláé.