Báwo ni aṣòfin wa ṣe dìbò? Ìbéèrè láti Ọjà Atakúnmọ́sà

Ìyá kan tó ń ta àǹkárá ní Ọjà Atakúnmọ́sà, níbí ní Iléṣà, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Aṣọ ẹbí ni mo lọ rà. Ó ń wọn yáàdì lọ́wọ́, ló bá dáwọ́ dúró, ó ní, "Tíṣà, àwọn aṣòfin wọ̀nyí mà ń pẹ́ l'Ábújá o. Ẹ bá mi wò ó, kí ni wọ́n ń fọwọ́ sí níbẹ̀, kí ni wọ́n ń kọ̀?" Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe fẹ̀yìntì, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ, síbẹ̀ n kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ó dùn mí. Mo lọ wádìí, mo padà lọ bá a. Ìgbà tí mo fi dé, àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ní ìbéèrè tiwọn náà. Bí a ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ yìí.

Àwọn wo gan-an ló ń ṣojú wa?

Mẹ́ta ni. Sẹ́nétọ̀ kan ló wà fún ẹkùn Ìlà-Oòrùn Ọ̀ṣun, ìyẹn Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà lápapọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá. Ọ̀kan ni nínú 109 tó wà nílé aṣòfin àgbà. Ilé aṣojú-ṣòfin ní ọmọ ilé 360: Iléṣà àti Atakúnmọ́sà pa pọ̀ ní ẹnì kan níbẹ̀, Obòkun àti Oríadé ní ẹnì kan, Ifẹ̀ náà ní ẹnì kan. Ẹni kẹta wa wà ní Òṣogbo, nínú ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó ní ọmọ 26.

Kí ló dé tí Tíṣà fi ní láti lọ wádìí? Ṣé wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀ ni?

Wọ́n ń kọ ọ́. Orúkọ ni kì í sí níbẹ̀, nítorí pé ohùn ni wọ́n sábà máa ń fi dìbò. Bí àbá bá délẹ̀, ẹni tó wà lórí àga á ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn dáhùn, wọn á sì pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni. Á ní kí àwọn tó kọ̀ ọ́ dáhùn, àwọn náà á pariwo tiwọn. Etí rẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá gbọ́ pé ó rinlẹ̀ jù, á lu òòlù igi mọ́ tábìlì, ó parí. Ìwé ìpàdé ọjọ́ náà á kọ ọ́ pé ilé ti fọwọ́ sí i. Ta ló pariwo? Ta ló dákẹ́? Ta ló ti jáde lọ gba ìpè lórí fóònù? Ìwé náà kò ní í sọ.

Òṣómàáló ni bàbá mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí mo wí. Á gbé aṣọ lọ sí ọ̀nà jíjìn, á tà á láwìn, ọjọ́ tó bá padà lọ gbowó, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní í jókòó, kò ní í jẹun, títí owó yóò fi jáde. Òṣòó yẹn ni ayé mọ̀ wá mọ́, ṣùgbọ́n ìwé ló ń gbà á lówó ẹni. Mo ṣì ní ọ̀kan nínú ìwé gbèsè rẹ̀ nílé, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ikán ti jẹ igun kan. Bàbá mi kò kàwé. Ọmọ iléèwé tó bá wà nítòsí ló ń bẹ̀ kó bá òun kọ ọ́: orúkọ onígbèsè, irú aṣọ tó gbà, iye yáàdì, iye owó, ọjọ́ ọjà tó dá. Ẹni tó bá san, wọ́n á fi gègé pupa fa ìlà lé e lórí. Ká ní ohun tó wà nínú ìwé yẹn ò ju "àwọn ará abúlé yìí jẹ mí lówó" lọ, ẹnu ọ̀nà ta ni bàbá mi ì bá lọ lóṣòó sí? Bí ìwé ìpàdé Abújá ṣe rí fún èmi àti ẹ̀yin gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ṣé kò wá sígbà kan tí wọ́n kà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan?

Ó wà. Ọmọ ilé tí kò bá gbà pé ohun tí olórí ilé gbọ́ lòun náà gbọ́ lè dìde, kó ní kí wọ́n pe orúkọ. Ọjọ́ 15 oṣù Keje 2021 ni mo máa ń fẹ́ kí èèyàn rántí. Àbádòfin ètò ìdìbò ló wà nílẹ̀ nílé aṣòfin àgbà lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ sì dórí bóyá INEC lè máa fi ẹ̀rọ fi èsì ìbò ránṣẹ́. Àtúnṣe kan wọlé pé kí NCC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kárí ilẹ̀, kí àwọn aṣòfin sì fọwọ́ sí i. Enyinnaya Abaribe, tó jẹ́ olórí ọmọ ẹgbẹ́ alátakò nínú ilé nígbà náà, ní kí wọ́n pe orúkọ. Wọ́n pè é. Àwọn 52 fara mọ́ àtúnṣe yẹn. Àwọn 28 ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún INEC. Àwọn 28 mìíràn kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo ka iye yìí fún ìyá aláṣọ, ó ní, "Àwọn tí kò wá yẹn náà ti dìbò." N kò rí ohun tí mo lè fi kún un.

Kò pẹ́ tí orúkọ wọn fi kún inú ìwé ìròyìn, àti ẹni tó gbà, àti ẹni tó kọ̀. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ aṣojú wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ilé yẹn kan náà yí ìpinnu rẹ̀ padà, ó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sọ́wọ́ INEC. Òfin náà gba ìbuwọ́lù Ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2022. Ohun púpọ̀ ló fa àyípadà yẹn, ariwo ìlú pọ̀, àwọn oníròyìn náà kò sinmi. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé orúkọ tó hàn síta wà lára rẹ̀. Ọkàn ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti jáde kì í balẹ̀ bíi ti ẹni tó pariwo láàárín èrò.

Bí òfin bá ní iye èèyàn báyìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí nǹkan, ṣé wọ́n ṣì lè fi ariwo ṣe é?

Ìbéèrè yìí ló le jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n bi mí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2025, Ààrẹ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999, ní abala 305, sọ pé irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kò lè dúró àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé, nílé méjèèjì, bá fọwọ́ sí i. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: sẹ́nétọ̀ 73, aṣojú-ṣòfin 240. Ọjọ́ kejì ìkéde náà kọjá, nígbà tó di ọjọ́ 20, ilé méjèèjì fọwọ́ sí i. Ohùn ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó jàre ní Rivers sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Etí wo ló lè ka ohùn 73 yọ lára ohùn 72? Àtìgbà náà ni àwọn amòfin ti ń jà lórí rẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú àwọn tó ní ohun tí òfin bá fi iye sí, kíkà ló yẹ ká kà á.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi lè kà á sì wà. Bí wọ́n bá ń tún ìwé òfin fúnra rẹ̀ ṣe, wọ́n máa ń tẹ bọ́tìnì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 2022, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí àbá pé kí wọ́n ya àga sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin nílé aṣòfin. Nílé àgbà, 30 ló gbà, 58 ló kọ̀. (Nígbà tí mo sọ èyí, gbogbo ìsọ̀ dákẹ́. Obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀.)

Ìbò tí wọ́n fi ń yan olórí wọn ńkọ́?

Ìyẹn lè jẹ́ ìkọ̀kọ̀. Ní oṣù Kẹfà 2019, nígbà tí wọ́n ń yan ààrẹ ilé aṣòfin àgbà, Ahmad Lawan ní ìbò 79, Ali Ndume ní 28, inú àpótí ni wọ́n ju ìwé wọn sí. A mọ iye, a kò mọ ẹni.

Ǹjẹ́ ó dára kí ẹnì kan pẹ́ níbẹ̀?

Òfin kò dá ọjọ́ fún aṣòfin. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ààrẹ àti gómìnà lè ṣe é, ṣùgbọ́n aṣòfin lè máa padà lọ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń dìbò fún un. David Mark wọ ilé aṣòfin àgbà láti Benue ní 1999, 2019 ló tó kúrò, ó sì fi ọdún mẹ́jọ nínú rẹ̀ ṣe ààrẹ ilé. Lawan náà wọlé ní 1999, ilé aṣojú-ṣòfin ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ ló ń rí: Iyiola Omisore láti 2003 sí 2011, Babajide Omoworare láti 2011 sí 2019, lẹ́yìn náà Francis Fadahunsi tó wọlé ní 2019, tó sì tún wọlé ní 2023.

Ẹni tó pẹ́ mọ ọ̀nà ilé: ó mọ ìgbìmọ̀ tó lágbára, ó mọ ìgbà tí àbádòfin lè kú sí dúróà. Bí a bá ń pààrọ̀ wọn lọ́dún mẹ́jọ mẹ́jọ, ẹni tuntun á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó bá lo ogún ọdún níbẹ̀ ti dìbò lórí ọgọ́rọ̀ọ̀rún nǹkan, bó bá sì padà wá sílé wá tọrọ ìbò, ìwọ̀nba díẹ̀ la lè fi bi í. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló ń gbà wá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣàtúnṣe òfin kí ààrẹ lè ṣe é nígbà kẹta, ilé aṣòfin àgbà pa àbádòfin náà ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 2006. Ohùn ni wọ́n fi pa á, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n AIT ti gbé àríyànjiyàn wọn sáfẹ́fẹ́, a rí ojú ẹni tó dìde, a gbọ́ ibi tó wà.

Sẹ́nétọ̀ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àdúgbò wa, ó tún pín ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́?

Omi dára, ẹni tó ń pọn ọ́n mọ̀ ọ́n. Àmọ́ owó ìjọba ló gbẹ́ ẹ. Aṣòfin ló ní kí wọ́n fi í sínú ètò ìnáwó, iléeṣẹ́ ìjọba kan ló gbé iṣẹ́ náà fún kọngílá. Orúkọ tó wà lára pátákó kò sọ ọ́ di owó àpò rẹ̀. BudgIT, ẹgbẹ́ kan tó ń tọpa owó ìjọba, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Tracka, tó ń tọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti inú ètò ìnáwó dé orí ilẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín wò ó lórí fóònù.

Bó bá fi ẹgbẹ́ tí a torí rẹ̀ dìbò fún un sílẹ̀?

Abala 68 ní kí àga rẹ̀ ṣófo, àyàfi tí ẹgbẹ́ yẹn bá ti pín tàbí tó bá ti dara pọ̀ mọ́ òmíràn. "Ẹgbẹ́ wa ti pín" ni gbogbo wọn máa ń wí.

A lè pè é padà?

Òfin gbà á, ní abala 69, àmọ́ òkè ni. Ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà lọ tí yóò buwọ́ lùwé, INEC á yẹ ìbuwọ́lù wọn wò, lẹ́yìn náà gbogbo ìlú á tún dìbò. Wọ́n dán an wò fún Dino Melaye, tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ ní Kogi nígbà náà. Ìbuwọ́lù tí wọ́n kó wá lé ní 180,000. Nígbà tí INEC yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù Kẹrin 2018, àwọn tó jáde wá jẹ́rìí kò pé 19,000. Ibẹ̀ ló parí sí.

Èdè wo ni wọ́n tiẹ̀ ń sọ níbẹ̀?

Gẹ̀ẹ́sì. Abala 55 gbà wọ́n láyè láti fi Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò ṣe é bí ètò bá ti wà. Ẹ fi sínú ohun tí ẹ ó béèrè.

Kí la wá lè ṣe látìhín?

Ẹ kọ lẹ́tà. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Àwọn àbádòfin tí aṣòfin kan gbé wá, àti bó ṣe ń wá síbi ìpàdé, a lè béèrè ìyẹn. Bó bá wá polongo ìbò ní Ẹ̀rẹ́jà, kí ẹnì kan dìde bi í ní gbangba: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti dìde rí pé kí wọ́n pe orúkọ? Bí wọ́n bá tún fẹ́ fi ariwo ṣe ohun tí òfin fi iye sí, ṣé ẹ ó dìde? Kò gba owó, kò gba agbára ẹgbẹ́. Ohùn kan ló gbà nínú ilé yẹn.

Ìyá aláṣọ fa ìwé àwìn rẹ̀ yọ lábẹ́ tábìlì, ó ṣí ojú ìwé tuntun, ó ní kí n bá òun kọ "Sẹ́nétọ̀" sí òkè rẹ̀, kí n sì fa ìlà bí òun ṣe ń fà á fún àwọn oníbàárà. Mo fà á. Ní ìlà kìíní, mo kọ 15 oṣù Keje 2021, mo sì kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà tì í. Ní ìlà kejì, mo kọ 20 oṣù Kẹta 2025. Ó wo àyè tó wà níwájú rẹ̀, ó ní, "Èyí ńkọ́?" Mo ní ohùn ni wọ́n fi ṣe ìyẹn. Ó ní kí n má fa ìlà pupa sí i.