Gíláàsì Tó Fẹ̀ Kò Ní Kí Ẹja Omi Iyọ̀ Má Jà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó fẹ́ gbé àpótí gíláàsì ńlá tí wọ́n ń sin ẹja omi iyọ̀ sí sínú pálọ̀ wọn ní Òṣogbo máa ń sọ: “Ẹ sáà jẹ́ kó tóbi dáadáa, ẹja yòówù tẹ́ ẹ bá kó sí i á bára wọn gbé.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu onílé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, àní àwọn tó ń ta ẹja náà ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọni létí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́, ẹja ló sì ń fi ẹ̀mí dí i.

Ó rọrùn láti gbà á gbọ́ nílùú wa. A kì í pa ẹja odò nínú Igbó Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá dúró létí omi níbẹ̀ á rí ńlá, á rí kékeré, gbogbo wọn jọ ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì dà bíi pé kò síjà láàárín wọn. Ohun tí ojú wa kò tó ni pé ẹja tí wọ́n bá lé nínú odò á bá ìṣàn omi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti òkun: èyí tí wọ́n bá ṣẹ́gun nídìí àpáta kan á sá lọ sídìí òmíràn, ìjà sì parí nìyẹn. Nínú gíláàsì, kò síbi tó máa sá lọ. Ká tiẹ̀ ní ó gùn ní mítà 2, tó gba omi tó 1,000 lítà, ẹja tínú ń bí á là á já kéèyàn tó ṣẹ́jú mélòó kan. Yóò máa lé ẹnì kejì lọ, yóò máa lé e bọ̀, títí ìyẹn á fi kọ oúnjẹ, tí lẹbẹ rẹ̀ á ya, tí àìsàn á sì rí ọ̀nà wọlé.

Ohun méjì ló ń pa ẹja nínú àpótí ńlá. Àkọ́kọ́ ni ẹnu. Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ lágbègbè wa mọ èyí dunjú. Bí wọ́n bá da ọmọ àrọ̀ sínú adágún, kì í pẹ́ tí àwọn kan á fi tóbi ju ẹgbẹ́ wọn lọ, àwọn tí wọ́n ń pè ní ṣútà. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣà wọ́n sọ́tọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á gbé ìyókù mì. Kò sí alárọ̀ tó máa sọ pé adágún òun tóbi, nítorí náà òun kò ní ṣà wọ́n.

Ẹ wá wo lionfish, ẹja onílà pupa àti funfun tí lẹbẹ rẹ̀ nà bí ìyẹ́, tí ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ sì lóró. Kì í lé ẹnikẹ́ni. Ńṣe ló máa ń rọra rìn, ìyẹn ni wọ́n fi máa ń sọ fún oníbàárà pé oníwà tútù ni. Ṣùgbọ́n ẹja tó bá ti lè wọ ẹnu rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ni. Ẹ óò jí láàárọ̀, ẹja kékeré méjì á ti ku ọ̀kan, ẹ ò ní rí òkú, ẹ ò ní rí ẹ̀jẹ̀. Panther grouper náà ńkọ́, ẹja funfun tó ní tótòtó dúdú lára? Nígbà tí wọ́n bá ń tà á, ó lè má ju ìka ọwọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ó lè gùn tó 70 sẹ̀ǹtímítà. Àwọn kan á ní gíláàsì kò ní jẹ́ kó dàgbà. Ẹja tó há tó sì wà nínú omi tí kò mọ́ lè má dàgbà bó ṣe yẹ lóòótọ́, àmọ́ àìsàn ni ìyẹn. Ẹ má fi ṣe ìlànà.

Ìkejì ni ààlà. Konrad Lorenz, onímọ̀ ará Austria tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973, kíyè sí i lára àwọn ẹja inú àpáta iyùn pé irú tiwọn ni wọ́n máa ń bá jà jù. Ó sì yéni: irú rẹ ló ń jẹ ohun tí ò ń jẹ, òun náà ló ń wá ihò tí ò ń sùn sí. Ìyẹn ló fà á tí tang méjì tó jọra, irú ẹja òkun pẹlẹbẹ kan, fi máa ń ṣòro fi pọ̀, pàápàá nítorí pé tang ní ẹ̀gún mímú bí abẹ nídìí ìrù. Emperor angelfish tiẹ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ aró tó ní òrùka funfun, àgbà rẹ̀ sì nílà àwọ̀ ìyeyè gbọọrọ, débi pé ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹja méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí àgbà ka ọmọ sí abánidíje.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti damselfish. Ó kéré, owó rẹ̀ kò wọ́n, ara rẹ̀ sì le, nítorí náà òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jù sínú omi láti dán an wò. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ti sọ gbogbo àpáta di tirẹ̀. Ẹja olówó ńlá tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á di àlejò tí wọ́n ń lé kiri, bó tilẹ̀ tóbi ju damselfish lọ.

Àwọn kan á fi cleaner wrasse jiyàn, ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ ẹnu ẹja apẹran lọ ṣa kòkòrò jẹ tí wọn kì í sábà gbé e mì. Ohun ìyanu ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe fún wọn ló ń gbà á là, kì í ṣe bí omi ṣe fẹ̀ tó. Nínú gíláàsì, ebi ló sábà máa ń pa á, torí kòkòrò ara ẹja kì í tó o jẹ.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó béèrè iye ẹja tí gíláàsì yín á gbà, ẹ pinnu irú ilé tẹ́ ẹ fẹ́ kó jẹ́. Bó bá jẹ́ lionfish lọkàn yín fà sí, ẹja tó tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ, irú squirrelfish tó ti dàgbà, ni kẹ́ ẹ fi tì í, kẹ́ ẹ sì gbọ́kàn kúrò lára clownfish, ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn tó nílà funfun. Bó bá jẹ́ clownfish lẹ fẹ́, 1,000 lítà á gba méjì, royal gramma kan, Banggai cardinalfish méjì, foxface kan àti yellow tang kan dáadáa. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ wá akọ àti abo clownfish. Akọ ni gbogbo wọn níbẹ̀rẹ̀. Nínú ọmọdé méjì tẹ́ ẹ bá fi pọ̀, èyí tó bá tóbi jù ló máa di abo.

Ẹ má wo pé omi ṣì ṣófo kẹ́ ẹ wá fi kún un. Yellow tang á dé 20 sẹ̀ǹtímítà, foxface á sì jù ú lọ díẹ̀. Omi iyọ̀ kì í gba atẹ́gùn tó ti omi lásán, bí iná bá sì lọ tí ẹ̀rọ dúró, àpótí tí ẹja pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí ìṣòro. Owó omi náà tún wà ńbẹ̀: òkun jìnnà sí Òṣogbo, iyọ̀ àkànṣe la máa ń pò, nǹkan bíi gíráàmù 35 sí lítà kan, ìyẹn kílò 35 fún 1,000 lítà. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ṣe é.

Ẹ to àpáta sí òkìtì méjì tàbí mẹ́ta tó jìnnà síra, kí ẹja kan má lè jókòó sójú kan kó máa ṣọ́ gbogbo ilé. Ẹ fún omi ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láti gbó, ìyẹn kí kòkòrò àìfojúrí tó ń pa oró ìdọ̀tí ẹja run ti pọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹja àkọ́kọ́ tó wọlé. Àwọn oníwà pẹ̀lẹ́ ni kó ṣáájú, kí yellow tang kẹ́yìn. Bí àlejò bá dé, ẹ fi í sínú àpótí oníhò tó mọ́ gaara nínú omi kan náà fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n máa wo ara wọn láìfọwọ́ kanra, ẹ sì yí àpáta padà díẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u sílẹ̀, kí onílé àtijọ́ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó máa gbé. Bí ìjà bá ṣì ń lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, èyí tó ń lé ẹlòmíràn ni kẹ́ ẹ kó kúrò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lé, torí bẹ́ ẹ bá mú ẹni tí wọ́n ń lé kúrò, ẹlòmíràn ló kàn. Ẹ ti ní gíláàsì kékeré kan nílẹ̀ fún un kẹ́ ẹ tó lọ ra ẹja tó kẹ́yìn.