Ẹnu mélòó ló ń jẹ nídìí ìsọ̀ náà?

Bí ìsọ̀ kan bá kógbá sílé, ohun tí ará àdúgbò máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ọjà kò yá, tàbí pé ayé ń ṣe onítọ̀hún. Ẹni tó bá sún mọ́ òwò náà á rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọjà ń yá. Ẹni tó ni ìsọ̀ ló yẹ ká wò: ọmọ ọdún mélòó ni, ọkùnrin ni àbí obìnrin, ẹnu mélòó ló ń bọ́, ta ni yóò jókòó ti ọjà bí kò bá sí nílé.

Òwò kékeré ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá jà jù, torí pé àpò ọjà àti àpò ilé kò yàtọ̀ níbẹ̀. Ìwádìí tí SMEDAN, àjọ ìjọba tó ń rí sí òwò kéékèèké, àti NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba, ṣe lọ́dún 2017 ka òwò kéékèèké àti alábọ́ọ́dé tó lé ní mílíọ̀nù 41 ní Nàìjíríà. Nínú 100 wọn, ó lé ní 99 tí òṣìṣẹ́ wọn kò pé 10.

Ká mú aláta kan tí ojú owó rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Ó ń jèrè ₦9,000 lọ́sẹ̀, ìyẹn náírà 15 lórí 100. Bí oúnjẹ ilé bá ń gba ₦7,000, òwò á máa dìde díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bí ìyá ọkọ bá wá ń bá wọn gbé, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n méjì sì tẹ̀lé e, tí oúnjẹ di ₦12,000, á máa yọ ₦3,000 nínú ojú owó. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ lóréfèé á ní ó di ogún ọ̀sẹ̀ kí owó náà tó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tó dín kù, ọjà díẹ̀ ló máa rà. Èrè á dín, oúnjẹ ilé kò sì ní dín. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án bá fi parí, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní pé ₦10,000. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó tán. Obìnrin yìí kò ná ìnákúnàá, kò sì ya ọ̀lẹ.

Ìbímọ tún wà níbẹ̀. Oníbàárà kì í dúró de ìsọ̀ tó tì fún oṣù mẹ́ta. Olówò tí ìyá tàbí àbúrò rẹ̀ lè bá a jókòó ti ọjà ló máa ń padà bá oníbàárà rẹ̀. Báǹkì ní tirẹ̀ ń béèrè ohun ìdógò, bẹ́ẹ̀ orúkọ ọkọ tàbí ẹbí ló sábà máa ń wà lórí ìwé ilẹ̀. Àjọ ló kù. Alájọ á mú owó ọjọ́ kan lóṣù, á kó ìyókù fún olówò. Ó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n owó ara ẹni náà ni. Kò lè dá ojú owó tó ti tán padà.

Irú èèyàn tó ń rajà náà ń kó òwò sínú ewu. Láti February títí di October 2022 tí àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn tó ń ta oúnjẹ àti àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì pàdánù oníbàárà wọn, torí akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà ni gbogbo oníbàárà náà.

Ní ti ọjọ́ orí, ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fìrídọ̀ọ̀mù ní okun, àmọ́ ta ló máa kó ọjà fún un láwìn? Lábẹ́ ọ̀gá ni aránṣọ ti ń mọ ẹni tó ń sanwó àti ẹni tó ń jẹ gbèsè. Látìgbà tí ọ̀kadà ti ń mówó wọlé lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ kì í dúró parí. Ọ̀gá wá ń dá ṣe é. Bí àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì bá dá a dúbúlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tì.

Ní Jàpáànì, ìjọba ṣírò pé bó bá fi di 2025, nǹkan bí mílíọ̀nù 2.45 nínú àwọn tó ni òwò kéékèèké àti alábọ́ọ́dé ni yóò ti pé ẹni 70 ọdún ó lé, àti pé nǹkan bí ìdajì wọn kò ní ẹni tí yóò gba òwò náà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ kò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ wà. Ogún pípín ló ń fọ́ ìsọ̀.

Ká ní aránṣọ kan kú láì ṣe ìwé ìhágún, ó fi máṣìnnì mẹ́fà sílẹ̀, ìyàwó mẹ́ta, ọmọ mẹ́jọ. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ìyẹn ìpín kan fún ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan, tí ilé ẹjọ́ Privy Council ní London, níbi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà, fọwọ́ sí ní 1962 pé ó jẹ́ àṣà Yorùbá, máṣìnnì méjì-méjì ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ orí-òjorí, ìyẹn ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà kò ṣe é pín fún mẹ́jọ, wọ́n á tà á pín owó. Ọmọ kan ṣoṣo tó kọ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kò lè fi máṣìnnì méjì rán aṣọ ẹbí ọgọ́rùn-ún èèyàn. Níbi tí bàbá bá ti fa máṣìnnì lé ọmọ náà lọ́wọ́ lójú ẹlẹ́rìí nígbà tó ṣì wà láyé, iná ṣọ́ọ̀bù kì í kú.